Wúfà kejì dé, béèsì mi tún wá fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ará_Bódìjà · Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi.

Pálọ̀ mi gùn ní mítà 6.1, ó fẹ̀ ní mítà 4.3, àjà rẹ̀ ga ní mítà 3. Búlọ́ọ̀kù la fi kọ́ ọ, táìlì ló wà nílẹ̀, dẹ́kìn ló wà lókè. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lo wúfà (sípíkà tó ń gbé béèsì, ìró ìsàlẹ̀, jáde) ínṣì 10 kan tí àpótí rẹ̀ dí pa. Igun òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé e sí. Láti ìgbà náà, èmi tí mo ń jókòó sí àárín sófà máa ń sọ pé béèsì kò tó, ìyàwó mi tó fẹ́ràn àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó fara ti ògiri òsì, máa ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. Inú pálọ̀ kan náà la wà, fíìmù kan náà la ń wò.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan fi wúfà ínṣì 12 ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, èyí tó ní ihò méjì lẹ́yìn. Ẹ̀yìn sófà ni mo gbé e sí, ní apá òsì, torí ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ojú wúfà kan ṣoṣo ni risífà mi (ẹ̀rọ tó ń pín ìró fún àwọn sípíkà) ní, mo wá fi wáyà olórí méjì pín in fún àwọn méjèèjì. Mo rò pé ilé á mì tìtì. Dípò bẹ́ẹ̀, níbi tí mo jókòó sí, béèsì fúyẹ́ bí ẹni pé wọ́n yọ ìfun rẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ sọ pé àyà ń dun òun, kí n jọ̀ọ́ pa á.

Ṣé wúfà tuntun yìí ni kò dára ni, àbí risífà mi?

Ọmọ_Mushin · Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́

Ọ̀gá, èmi kò gbà gbọ́ nínú wúfà méjì. Ta méjèèjì, kó owó wọn jọ, kí o ra ínṣì 18 kan ṣoṣo tó ní agbára gidi. Ohun tó bá lágbára ò nílò alábàárìn. Èyí tí mo ń lò nìyẹn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Ìbejì_Houston · Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́

Ará Bódìjà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí a tó dé orí béèsì rárá, ẹ dáhùn èyí fún mi: kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn wúfà tó wá láti Amẹ́ríkà yẹn? Bí ó bá jẹ́ 120 V nìkan, tí ẹ sì tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 230 V tààrà, jíjó ni yóò jó. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹrù tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ sílé. Òórùn rẹ̀ nìkan ló kù fún àwọn tó gbà á.

Àwọn kan ní ibi tí èèyàn ti lè yí i sí 230 lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ní.

Ará_Bódìjà · Ọjọ́bọ̀, 10:18 alẹ́

Ẹ ṣeun, mà. 120 V, 60 Hz ni wọ́n kọ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi, mo ra tíráńsífọ́mà tó ń sọ iná di 110, ti wáàtì 1000. Kò jó. Àmọ́ ó ń kùn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ń dún.

Ìyá_Ìbejì_Houston · Ọjọ́bọ̀, 10:31 alẹ́

Ó dáa. Iná ilé yín ń lù ní 50 Hz, tiwa níbí ní 60. Tíráńsífọ́mà yẹn ń dín agbára iná kù ni, kì í yí Hz padà. Nítorí náà, lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin ẹ̀yìn wúfà náà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò séwu. Bó bá gbóná débi tí ẹ kò lè gbé ọwọ́ lé e, ẹ má fi í sílẹ̀ ní títàn ní gbogbo ọjọ́.

Ní ti kíkùn: ẹ yọ wáyà risífà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dákẹ́, kì í ṣe wúfà ló ń kùn, ààtì méjì ló ń bá ara wọn ja ìjà láàárín àwọn ẹ̀rọ yín. Ẹ dá wáyà padà, kí ẹ wá yọ wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn dẹ̀kódà. Lára mẹ́wàá, mẹ́fà ibẹ̀ ni mo máa ń bá a. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ gé ẹsẹ̀ ààtì kúrò lára púlọ́ọ̀gù. Ẹ̀mí èèyàn ni ẹsẹ̀ yẹn ń dáàbò bò.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Òṣogbo · Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 àárọ̀

Àbúrò, mo ka gbogbo rẹ̀. Wúfà rẹ kò bàjẹ́, risífà rẹ kò bàjẹ́, ìyàwó rẹ kò sì purọ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń sọ òótọ́, ibi tí kálukú jókòó sí ló yàtọ̀.

Mú ọpọ́n gígùn kan, bu omi sí i dé ìdajì, fi ọwọ́ tì í láti òpin kan. Omi á gòkè ní òpin kan, á sọ̀ ní òpin kejì, á tún padà. Wá wo àárín ọpọ́n dáadáa: omi ibẹ̀ kì í gòkè, kì í sọ̀. Bí béèsì ṣe ń ṣe láàárín ògiri méjì nìyẹn. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìró tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, ìró náà á máa lọ á máa bọ̀ bí omi ọpọ́n. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Pín in sí ìlọ́po méjì ìwọ̀n yàrá rẹ. Gígùn: 343 sí ọ̀nà 12.2, ó jẹ́ 28 Hz, ìyẹn ìgbì 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fífẹ̀: 343 sí ọ̀nà 8.6, ó jẹ́ 40 Hz. Gíga: 57 Hz. Ìgbì kejì ti gígùn jẹ́ ìlọ́po méjì 28, ìyẹn 56 Hz, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé orí ti gíga. Fi àmì sí ibẹ̀, a ó padà síbẹ̀.

Ìwọ wà ní àárín fífẹ̀ pálọ̀, níbi tí omi kì í ti í gòkè. Ìdí nìyẹn tí 40 Hz kò fi sí níwájú rẹ. Ìyàwó rẹ wà létí ọpọ́n, òun ni gbogbo rẹ̀ ń ya lù. Nígbà tí wúfà kejì dé, o gbé e sí apá òsì kan náà. O wá di ẹni méjì tó ń ti ọpọ́n láti òpin kan ṣoṣo. Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà létí?

Ìyẹn nìkan kọ́. Láti wúfà iwájú dé etí rẹ, nǹkan bíi mítà 3.7 ni. Láti ti ẹ̀yìn sófà, mítà 1.1. Mítà 2.6 ló wà láàárín wọn, ìyẹn nǹkan bíi milisẹ́kọ́ọ̀ndì 7.6. Ní 66 Hz, mítà 2.6 jẹ́ ìdajì ìgbì kan gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá ń tì, èkejì ń fà. Ibi tí béèsì rẹ ti fúyẹ́ nìyẹn. Risífà tó ní ojú méjì tó dá dúró lè dá ọ̀kan dúró de èkejì, ṣùgbọ́n tìrẹ ń rí méjèèjì bí ẹyọ kan, torí wáyà olórí méjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀. Gbé wúfà kejì kúrò lẹ́yìn sófà, gbé e sí igun ọ̀tún níwájú, kí òun àti ti òsì dà bí ìbejì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹlifíṣọ̀n. Fi téèpù wọ̀n wọ́n dé àárín sófà, kí ó dọ́gba. Báyìí ni ẹni méjì á máa ti ọpọ́n láti òpin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, omi kò ní rí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo rọ́ lọ mọ́. Nígbà tí jíjìnnà wọn sì dọ́gba, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan, wáyà olórí méjì rẹ á ṣiṣẹ́.

Méjì péré kí o tó gbé e: yí kírọ́sóvà (bọ́tìnì tó ń yan ibi tí ìró wúfà máa dé kó tó dúró) ẹ̀yìn wúfà méjèèjì dé ìpẹ̀kun, tàbí sí ibi tí wọ́n kọ LFE sí. Risífà ni kó máa pín ìró, ní 80 Hz. Bí wúfà náà bá tún ń pín tirẹ̀, wọ́n ti gé e lẹ́ẹ̀mejì.

Gìtá_Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ẹtì, 8:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Gìtá béèsì ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú, ìṣirò yín sì jẹ́ kí n dìde jókòó. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá béèsì ni E, 41 Hz ló ń dún bí a kò bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Okùn tó tẹ̀ lé e ni A, 55 Hz nìyẹn. Ẹ wò ó: E bọ́ sórí 40 tí kò sí níwájú Ará Bódìjà, A bọ́ sórí 56 àti 57 tó jókòó lé ara wọn.

Ará Bódìjà, ẹ wá orin jùjú kan tí béèsì rẹ̀ ń rìn láàárín E àti A, ó pọ̀ bí ìyanrìn. Ẹ jókòó sí ibi tí ẹ máa ń jókòó sí. Bí E bá ń sọnù, tí A sì ń bú jáde, kí ẹ wá lọ jókòó sí àga ìyàwó yín.

Ará_Bódìjà · Ọjọ́ Ẹtì, 7:48 alẹ́

Mo ṣe é. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè kọ èyí.

Lórí sófà, béèsì ń rìn, ó dé E, ó di òjìji. Ìka ẹni tó ń ta á ni mo ń gbọ́ lára okùn, n kò gbọ́ ohùn okùn náà. Ó gun A, pálọ̀ bú. Mo dìde lọ jókòó sí àga fèrèsé, E yẹn kan náà ló wá dé bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí fi ń sọ ọ́ fún mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ_Mushin · Ọjọ́ Ẹtì, 8:15 alẹ́

Mo ń ka gbogbo èyí, mo sì fẹ́ béèrè tọkàntọkàn, torí n kò fẹ́ takú sórí ohun tí n kò mọ̀. Ṣé ínṣì 18 mi kò lè fi agbára kún ihò 40 Hz yẹn ni? Ẹ̀rọ mi ní agbára tó pọ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Òṣogbo · Ọjọ́ Ẹtì, 9:03 alẹ́

Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn ni pé rárá. Ògiri kò mọ̀ bóyá ínṣì 10 ló ti omi àbí ínṣì 18, àárín ọpọ́n kò ní gòkè. Bí o bá fi 10 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ga tó) kún 40 Hz kí ihò yẹn lè kún, ìlọ́po mẹ́wàá agbára iná lo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ, létí ògiri sì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Wúfà ńlá ń fúnni ní ìró tó lágbára, tó sì jinlẹ̀, n kò bá ọ jiyàn. Bí ìwọ nìkan bá ń jókòó, tí o sì rí ibi tó bá a mu, ọ̀kan tó. Ìgbà tí ìjókòó bá ju ọ̀kan lọ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 2002, Todd Welti, olùṣèwádìí ní Harman, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìró kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan síwájú Audio Engineering Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìró, lórí ìbéèrè yìí gan-an: wúfà mélòó ló tó? Ohun tó ń wá ni kí béèsì jọra ní gbogbo ìjókòó. Nínú yàrá onígun mẹ́rin, ó rí i pé wúfà méjì ní àárín ògiri méjì tó kọjú síra ṣe dáadáa, mẹ́rin ní àárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún dára sí i, àtipé lẹ́yìn mẹ́rin, èrè rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Floyd Toole, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní National Research Council ti Kánádà kí ó tó dé Harman, náà ti kọ́ni gidigidi lórí rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú igun iwájú méjèèjì fún àbúrò wa, dípò àárín ògiri, ni pé ìlà ìjókòó kan ṣoṣo ló ní. Ìyàtọ̀ tó ń dà á láàmú, láti òsì sí ọ̀tún ni. Ẹni tó bá ní ìlà méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, ìmọ̀ràn mìíràn ni màá gbà á.

Ará_Peckham · Ọjọ́ Ẹtì, 9:37 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú alẹ́. Mo fẹ́ kín ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí mo ṣe nílé mi ní London. Ìlà méjì ni mo ní, yàrá mi kò sì ní igun tó dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan ṣí sí ilé ìdáná. Wúfà mẹ́ta ni mo lò, jíjìnnà wọn yàtọ̀ síra. Mo ra miniDSP 2x4 HD, àpótí kékeré kan tó ń gba ojú kan láti risífà, tó sì ń fún wúfà kọ̀ọ̀kan ní ìdádúró, ìwọ̀n àti àtúnṣe tirẹ̀. Mo fi UMIK-1, máìkì tí a fi ń wọn ìró, àti REW, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya ìwọ̀n náà, wọn wúfà kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan. REW yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Multi-Sub Optimizer, ètò tó ń mú kí wúfà púpọ̀ bára wọn mu, òun náà ọ̀fẹ́, ó sì ṣírò rẹ̀ fún mi mọ́jú.

Àwọn risífà tuntun kan ti ní ojú mẹ́rin tó dá dúró, bíi Denon AVR-X3800H. Ẹni tó fẹ́ ra tuntun, kó wo ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí: gbogbo owó tí mo ná, ọjọ́ tí mo gbé wúfà kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga lọ sí ẹ̀yìn ìkélé ló ṣe mí lóore jù.

Ìyá_Ìbejì_Houston · Ọjọ́ Ẹtì, 10:10 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un nípa ògiri. Ilé mi níbí, igi àti pákó jípísọ́ọ̀mù ni. Bí béèsì bá lu ògiri yẹn, ògiri á mì díẹ̀, á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn kò mì. Ohun tí ẹ bá jù lù ú, ó ń dá a padà ni. Nígbà tí mo wá sílé fún ìsinmi, tí mo gbọ́ irú sípíkà tí mo ní nínú pálọ̀ bàbá mi, ó yà mí lẹ́nu bí A ṣe ń dúró sínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí orin ti kọjá. Nítorí náà, kí àwọn tó wà nílé má wo ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ pé wúfà kan tó. Tiyín nílò ìtọ́jú ju tiwa lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Òṣogbo · Ọjọ́ Ẹtì, 10:22 alẹ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìyá wa.

Àbúrò, mo ní UMIK-1. Màá fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìwó Road, ránṣẹ́ sí mi kí n fún ọ ní nọ́ńbà awakọ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé máìkì fóònù fún iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kí ìwọ̀n ohùn wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà wọn méjèèjì pọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti gbà fún ara wọn, ìró á fi nǹkan bíi 6 dB ga ju ti ẹyọ kan lọ. Níbikíbi tí méjèèjì bá ti rẹlẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìjà wà níbẹ̀.

Mo sì ń bẹ̀rù ibì kan fún ọ: ọ̀kan dí pa, ọ̀kan ní ihò.

Ará_Bódìjà · Ọjọ́ Àìkú, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ó gùn díẹ̀.

Máìkì dé ní Sátidé, aago kan ọ̀sán. Mo gbé wúfà Amẹ́ríkà lọ sí igun ọ̀tún, mo sún tábìlì tẹlifíṣọ̀n, mo wọ̀n ọ́n: mítà 3.74 ní òsì, 3.72 ní ọ̀tún. Kíkùn yẹn, mà, dẹ̀kódà ni lóòótọ́. Mo yọ wáyà díìṣì, ó dákẹ́ fọ́ọ́. Oníṣẹ́ díìṣì máa bá mi tún ààtì rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Kí n tó gbé e, ní 40 Hz, àga ìyàwó mi ga ní 11 dB ju àyíká rẹ̀ lọ, àárín sófà jìn wọ ihò ní 14 dB. Ìlà tó ya lórí láptọ́ọ̀pù dà bí ẹni tó fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gbé e: àga náà ga ní 3 dB péré, sófà jìn ní 4. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta torí n kò gbà á gbọ́. Wáyà olórí méjì náà ni mo ṣì ń lò.

Ẹ̀rù tí ẹ̀gbọ́n bà wá ṣẹ. Láti 30 Hz sísàlẹ̀, méjèèjì pọ̀ rẹlẹ̀ ju oníhò nìkan lọ. Mo yí féèsì (bọ́tìnì tó ń yí ìgbà tí wúfà ń tì àti ìgbà tó ń fà padà) ti ínṣì 10 sí gbogbo ibi. Bí ìsàlẹ̀ bá dára, òkè á bàjẹ́ ní 60. Kí ni kí n ṣe?

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Òṣogbo · Ọjọ́ Àìkú, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Wo inú páálí tó gbé e wá. Ọ̀pọ̀ wúfà oníhò ni wọ́n ń fi fóòmù kékeré bíi agolo kún un, láti fi dí ihò. Ìró tó ń ti ihò jáde kì í bá ti àpótí tó dí pa rìn ní ìdọ́gba nítòsí Hz tí wọ́n ṣe ihò náà fún. Bí o bá dí méjèèjì, ó di àpótí dídí bíi ti èkejì, wọn á gbọ́ ara wọn. O máa pàdánù díẹ̀ nínú èyí tó jinlẹ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n nínú ilé búlọ́ọ̀kù, yàrá á fún ọ padà lára rẹ̀. Bí fóòmù kò bá sí, má fi aṣọ dí i, tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí o wá owó wúfà kan tó jọ ọ̀kan nínú wọn.

Ará_Bódìjà · Ọjọ́ Àìkú, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Fóòmù méjì wà nísàlẹ̀ páálí! Ọmọ mi ọkùnrin ti fi ọ̀kan ṣeré, ṣùgbọ́n kò ya. Mo dí i. Láti 22 Hz lọ sókè, méjèèjì pọ̀ ti ga ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ níbi gbogbo. Kò sí ìjà mọ́.

Ohun méjì ló kù: òkìtì kan ní 56 Hz tó ga ní 8 dB, ó sì wà ní ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo wọ̀n. Àti pé 28 Hz rẹlẹ̀, níbi gbogbo náà.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Òṣogbo · Ọjọ́ Àìkú, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, "ní ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ibi tí mo ti ń fà ọ́ bọ̀ nìyẹn láti òwúrọ̀ Ẹtì. Nígbà tí òkìtì sófà yàtọ̀ sí ti àga, bí o bá gé ti àga, o ti gbẹ́ ihò fún sófà. Ní báyìí tí gbogbo wọn ní òkìtì kan náà, gígé kan ṣoṣo wo gbogbo wọn sàn. Risífà rẹ ní máìkì tirẹ̀ tó bá a wá. Jẹ́ kí ó ṣe ìwọ̀n rẹ̀ ní báyìí, kì í ṣe kí o tó gbé wúfà sí ibi tó yẹ.

Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe é, sún sófà. Mítà mélòó ló wà láàárín ògiri tẹlifíṣọ̀n àti etí rẹ?

Ará_Bódìjà · Ọjọ́ Àìkú, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Mítà 3.6.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Òṣogbo · Ọjọ́ Àìkú, 7:05 alẹ́

Àárín gígùn pálọ̀ rẹ ni mítà 3.05, o sì súnmọ́ ọn jù. Níbẹ̀ ni 28 Hz ti ń kú, nítòsí ibẹ̀ náà ni 56 ti ń ga jù. Sún un sẹ́yìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 45. 28 á gòkè, 56 á sọ̀, láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Má sún un dé ara ògiri ẹ̀yìn o, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé.

Ọmọ_Mushin · Ọjọ́ Àìkú, 8:20 alẹ́

Mo fi téèpù wọn pálọ̀ tèmi lálẹ́ yìí. Mítà 4.2 ní gígùn, 4.2 ní fífẹ̀. Ìṣirò yín fún mi ní 41 Hz lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti wá mọ ìdí tí orin kan ṣoṣo fi ń dùn nílé mi. Ẹ̀gbọ́n Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n dá ọ̀rọ̀ tèmi sílẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́la.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Òṣogbo · Ọjọ́ Àìkú, 8:31 alẹ́

Dá a sílẹ̀, ọmọ mi. Kọ ibi tí fèrèsé, ilẹ̀kùn àti àga wà síbẹ̀. Má tíì ta ínṣì 18 yẹn.

Ará_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Sófà ti sún sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 45. Òkìtì 56 Hz lọ láti 8 sí 5 dB kí risífà tó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn ìwọ̀n risífà ó ku 1. 28 Hz ti gòkè, kò tíì pé, ṣùgbọ́n nínú fíìmù tí a wò lálẹ́ àná, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kọjá lókè, gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù dáhùn.

A tún gbé orin jùjú yẹn sí i. Mo jókòó sórí sófà, ìyàwó mi sórí àga fèrèsé, mo ní kó máa gbé ọwọ́ sókè nígbà tó bá gbọ́ E. Lójú kan náà la jọ ń gbé ọwọ́. A ṣe é títí orin fi parí. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà ṣì ni tirẹ̀, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀, ó sì ti ní kí n gbé ohùn sókè díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n, iná lọ ní aago mẹ́jọ, wúfà Amẹ́ríkà ń dún bí oyin lórí invátà, èyí tó dí pa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ti pa á títí iná fi dé, màá béèrè nípa ìyẹn ní àkọlé mìíràn. Máìkì yín á wà nínú ọkọ̀ tó máa kúrò ní Ìwó Road láàárọ̀ ọ̀la, mo fi páálí iṣu díẹ̀ tẹ̀ lé e. Awakọ̀ ní òun á dé ọ̀dọ̀ yín kí ó tó di ọ̀sán ọ̀la.